Mo Ti Ń Bá Dùùrù Wa Bo Àìsàn Rẹ̀ Mọ́lẹ̀

Àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ la wà. Àlùfáà ti ní kí kálukú bá Ọlọ́run sọ tinú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, gbogbo ilé sì ti pa lọ́lọ́. Mo ti gbé ọwọ́ mi méjèèjì kúrò lórí dùùrù onífèrè wa, mo gbé wọn lé itan. Àfi bí fèrè kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè. Ohùn kan ṣoṣo ni, ó tín-ín-rín, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì dánu dúró láti mí. Mo wo ọwọ́ mi, mo wo ẹsẹ̀ mi. Kò sí èyí tó wà lórí ohunkóhun. Mo sáré ti gbogbo ọ̀pá tí a fi ń yan ohùn padà wọlé, igbe náà sì dá. Ṣùgbọ́n àdúrà ti bàjẹ́. Gbogbo orí ti yí sí òkè níbi tí mo jókòó sí.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn alàgbà wa gun àtẹ̀gùn wá bá mi. Ó gbé ọwọ́ lé pákó dùùrù náà bí ìgbà téèyàn bá gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ọ̀gá atẹdùùrù. Nǹkan yìí ti kú." Kò sọ ọ́ tìkàtìkà. Ó sọ ọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ arúgbó tó gbó tó tọ́, tó sinmi. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń rìn kiri láàárín ìjọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ máa ṣèpàdé, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé: kí ni ká fi rọ́pò dùùrù tó ti kú?

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Mi ò gbà pé ó ti kú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mi ò fi ìyẹn pa mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú ara mi rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, kì í ṣe ìfẹ́.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí Bàbá tó ń bá wa tún ohùn rẹ̀ ṣe tó ráyè wá. Bàbá ni gbogbo wa máa ń pè é. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló máa ń wá. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó tún yá, ó di ìgbà tí a bá pè é, a kì í sì í pè é. Iṣẹ́ tèmi nígbà tó bá wá ni pé kí n jókòó sísàlẹ̀, kí n máa tẹ eyín dùùrù lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń ké sí mi láti inú lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ yìí, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wò mí.

"Wọlé," ó ní. "Ó yẹ kí o mọ inú ilé tí ò ń gbé."

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tẹ dùùrù yẹn. Mi ò wọ inú rẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì rò pé àwọn fèrè tó ń dán tó tò síwájú yẹn ni dùùrù. Lẹ́yìn wọn ni ilé gan-an wà. Fèrè tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló dúró síbẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn kan jẹ́ òjé tí wọ́n pò mọ́ tánganran. Àwọn kan jẹ́ igi onígun mẹ́rin tí ọmọdé lè fara pamọ́ sí. Àwọn kan ò gùn tó pẹ́ńsù. Ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ kì í mọ̀ ni pé fèrè kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ láyé. Kò lè gòkè, kò lè wálẹ̀. Bí pátákó ìtẹ̀ bá ní eyín 61, irú ohùn kan ṣoṣo tí o bá fẹ́ yàn á gba fèrè 61, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó ga jù ọ́ lọ dé orí èyí tí o lè fi sápò. Inú ìlú ni mo wà, ìlú tí kálukú ti ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa pe orúkọ rẹ̀.

Èémí ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nísàlẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹwìrì ńlá kan, ẹwìrì yìí ló sì ń tọ́jú èémí náà kó lè máa jáde ní ìwọ̀n kan náà, yálà fèrè kan ló ń ké tàbí igba. Kí iná mànàmáná tó dé, èèyàn ló máa ń tẹ ẹwìrì yẹn, ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn. A kì í dárúkọ wọn nígbà tí a bá ń sọ ìtàn àwọn tó mọ dùùrù tẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láìsí wọn kò sí orin. Agbára èémí náà kò pọ̀ rárá. Omi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ní ọ̀pọ̀ dùùrù, kò ju èyí tó lè ti omi gòkè ní nǹkan bíi mìlímítà 75 sí 100 nínú rọ́bà kékeré. Ọmọdé lè fẹnu fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èémí jẹ́jẹ́ yẹn ló ń mú kí ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí ìṣẹ́po ẹwìrì náà. Ó fi ìka ra awọ tí wọ́n fi dì í, nǹkan bí ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú sì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

"Awọ nìyí," ó ní. "Ó ti ṣe tirẹ̀. Awọ tó bá ṣe dáadáa, ó lè lo àádọ́ta ọdún. Ó di dandan kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó kàn án mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe é kó ṣeé tú."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohùn fùùù kan tó ń jò láti ibi tí awọ náà ti sán. Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn láti ibi tí mo máa ń jókòó sí. Mo rò pé ariwo ẹ̀rọ ni.

A gòkè síbi àpótí afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn fèrè ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú rẹ̀, fún eyín dùùrù kọ̀ọ̀kan, ìdérí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi awọ bò lójú, tí sípíríǹgì sì ń tì í pa. Bí mo bá tẹ eyín kan nísàlẹ̀, ọ̀pá igi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ kan á fà á, ìdérí á ṣí, èémí á wọlé. Bí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, ìdérí á padà. Bàbá yọ pákó iwájú àpótí náà, ó wo ìdérí tó ba àdúrà wa jẹ́, ó fi ẹ̀mú kékeré fa nǹkan kan jáde láàárín awọ àti igi. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀ẹ́rún igi ni, kò tóbi tó èèrà.

Mo wò ó títí. Ohun tó mú kí odindi ìjọ sọ pé dùùrù ti kú nìyẹn. Kò gbà á ju àkókò tí a fi ń kọ ẹsẹ orin méjì lọ láti yọ ọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ló rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ àwọn fèrè kan, Bàbá fi funfun kan hàn mí, bí ìyẹ̀fun tó hu sára òjé. Igi óòkù tí wọ́n fi ṣe àpótí ló máa ń tú èéfín kíkan jáde díẹ̀díẹ̀, irú kíkan tó wà nínú ọtí kíkan, èéfín yẹn sì máa ń jẹ òjé láti inú títí ẹsẹ̀ fèrè á fi lu. Àwọn fèrè kan nínú dùùrù àtijọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì St. Jakobi ní Lübeck, ní Jámánì, tí wọ́n ti wà láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, irú àrùn yìí ló bá wọn jà tó fi di ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jókòó tì. Ti wa kò tíì dé bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pákó àpótí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú inú ilé gbóná tàbí tó ń mú un tutù fún ìrọ̀rùn wa máa ń gbẹ afẹ́fẹ́, igi tó ti lo ọdún gbọọrọ nínú afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin kò sì fẹ́ràn ìyẹn. Ó máa ń súnkì, ó máa ń sán. Ibi tó bá ti sán, èémí tó yẹ kó wọ fèrè kan á gba ojú sísán sá lọ bá aládùúgbò rẹ̀, tàbí kó jò dànù. Láti tún un ṣe, gbogbo fèrè ló gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n á tú àpótí náà palẹ̀, wọ́n á di ojú rẹ̀, wọ́n á tún un tò. Ọ̀pọ̀ oṣù ni. Owó ńlá ni pẹ̀lú.

Bàbá ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ohùn tí à ń pè ní C, èyí tó wà láàárín. C dún. D dún. E dún. Mo tẹ F, kò dún. Ó kàn ń mí, hùùù, bí ẹni tó ń sùn. Láti inú òkùnkùn lókè ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá.

"F yìí, láti ìgbà wo ló ti wà báyìí?"

Mi ò dá a lóhùn.

Màá padà sórí ìbéèrè yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ "ikú" fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Krístì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ctesibius ní Alẹkisáńdíríà, ní Íjíbítì, ṣe ẹ̀rọ kan tó fi ìwúwo omi ti èémí wọ inú fèrè. Ibẹ̀ ni ìran dùùrù yìí ti ṣẹ̀. Ó wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà. Ní 1931, wọ́n hú ọ̀kan jáde níbi ìlú àtijọ́ tó ń jẹ́ Aquincum, tó wà nínú Budapest òde òní. Ó ní ọ̀wọ́ fèrè mẹ́rin, mẹ́tàlá nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, àwo idẹ kékeré tó wà lára rẹ̀ sì sọ ọdún tí wọ́n fi í tọrẹ: 228. Igi rẹ̀ ti lọ, awọ rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi wò ó, tí wọ́n sì kan irú rẹ̀ tó ń dún. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Valère tó wà lórí òkè ní Sion, ní Switzerland, dùùrù kan wà tó ti wà láti nǹkan bíi 1435. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé kò ṣàìsàn rí. Ìran kan ń rẹ̀wẹ̀sì lórí rẹ̀, òmíràn ń dìde.

Nítorí igi ni, awọ ni, òjé ni, tánganran ni, idẹ ni, àtè tí wọ́n fi awọ ẹran sè ni. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣírí ilé iṣẹ́ kan nínú wọn. Ohun tí ọwọ́ ṣe ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, ọwọ́ lè tún un ṣe lónìí, bí ọwọ́ náà bá kọ́ iṣẹ́. Ní 2017 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ iṣẹ́ dùùrù kíkàn àti orin rẹ̀ ní Jámánì sínú àkọsílẹ̀ àwọn ogún àṣà ayé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìyẹn ni pé ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe igi àti irin.

Bí dùùrù bá wá kú, ẹnì kan ló pinnu pé kó kú. Ìtàn kún fún un. Ní 1644, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó dùùrù kúrò nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ palẹ̀. Ní 1917, nígbà ogun àgbáyé kìíní, ìjọba Jámánì ní kí wọ́n yọ àwọn fèrè iwájú tó jẹ́ tánganran, kí wọ́n yọ́ wọn fún ogun. Àwọn fèrè tó ti ń kọrin ìyìn fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì di ohun èlò ìjà. Lára àwọn tó pàdánù fèrè iwájú wọn ni dùùrù St. Jacobi ní Hamburg, èyí tí Arp Schnitger kàn parí ní 1693. Nígbà ogun kejì, àwọn kan tú fèrè rẹ̀ tó kù àti àpótí afẹ́fẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ kó wọn pa mọ́. Bọ́ǹbù jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní 1944. Àwọn fèrè yè é. Ní 1993, ọ̀ọ́dúnrún ọdún géérégé lẹ́yìn tí Schnitger parí rẹ̀, wọ́n parí àtúnṣe rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó ru fèrè wọ̀nyẹn jáde. Oúnjẹ ń wọ́n, ilé ń jó, wọ́n sì ń di òjé sínú àpótí bí ẹyin.

Iná nìkan ni mo mọ̀ tó lè pa á láìgba àṣẹ. Dùùrù Kàtídírà Nantes ní ilẹ̀ Faransé ti wà láti 1621. Ó la ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Faransé já, ó la iná tó jó òrùlé ní 1972 já. Ọjọ́ 18 oṣù Keje 2020 ni iná míì jó o run pátápátá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tu ẹnikẹ́ni nínú lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Notre-Dame ní Paris, níbi tí iná ti jó òrùlé ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2019, dùùrù tó ní fèrè tó sún mọ́ 8,000 jókòó sínú gbogbo rẹ̀, iná kò kàn án. Eruku òjé láti ara òrùlé ló bò ó. Wọ́n tú u palẹ̀ ní 2020, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún un tò, wọ́n sì lo ọ̀pọ̀ oṣù láti tún ohùn rẹ̀ ṣe ní òru, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ yòókù bá ti dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2024, bíṣọ́ọ̀bù àgbà dúró, ó ké sí dùùrù náà pé kó jí. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni dùùrù dá a lóhùn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo wo fídíò rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi, nítorí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n níbẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣe òótọ́ nípa dùùrù oníná pẹ̀lú, nítorí òun ni ìgbìmọ̀ wa fẹ́ rà. Láti 1935 tí Laurens Hammond ti gbé tirẹ̀ jáde ni àwọn ìjọ ti ń rà á, ìjọ tí kò lówó kò sì ṣẹ̀ bó bá rà á. Èyí tó wà lóde òní, ohùn dùùrù gidi ni wọ́n gbà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, fèrè kan lẹ́yìn òmíràn. Kì í sán, kò ní awọ, ohùn rẹ̀ kì í yà. Tiwa ń yà. Bí inú ilé bá gbóná, ìró á yára nínú afẹ́fẹ́: mítà 331 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ooru bá wà ní òdo lórí ìwọ̀n Celsius, 343 nígbà tó bá jẹ́ 20. Fèrè tó jẹ́ èémí nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ á gòkè pẹ̀lú ooru, àwọn tó ní ahọ́n idẹ, ìyẹn idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n nínú fèrè, á dúró síbi tí wọ́n wà, àwọn méjèèjì á sì máa jà títí ilé á fi tutù. Ẹni tí kò mọ̀ á ní dùùrù ti bàjẹ́. Ojú ọjọ́ ni.

Àmọ́ mo ti tẹ dùùrù oníná lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Sípíkà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń rántí ohùn dùùrù kan tó wà nínú ilé mìíràn. Fèrè ẹsẹ̀ bàtà 32 gidi, tí ìró rẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù kò ju nǹkan bí ìgbì mẹ́rìndínlógún lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Àyà ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, ìjókòó ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Ohun mìíràn tún wà tí ìgbìmọ̀ kò béèrè: bí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ bá kú ní ogún ọdún sí i, ta ló máa ní ẹ̀yà ara rẹ̀? Òun ni ẹ̀rọ tó lè kú pátápátá láàárín wọn, nítorí kò sí ọwọ́ tó lè fi igi àti awọ ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀.

Owó kọ́ ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nípa ọjọ́ iwájú. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ń dín kù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Netherlands, ní Jámánì, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń polówó dùùrù wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá lè wá tú u lọ. Àwọn kan máa ń rí ilé tuntun ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn kan á di igi ìdáná àti òjé yíyọ́. Albert Schweitzer, ẹni tí ayé mọ̀ sí dókítà tó kọ́ ilé ìwòsàn sí Lambaréné ní Gabon, atẹdùùrù ni kó tó di dókítà, ó sì ti pariwo láti 1906 pé kí àwọn èèyàn má fi ọjà ilé iṣẹ́ ńlá pààrọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tó dára. Nígbà tirẹ̀, dùùrù tuntun ló ń lé èyí tó ti pẹ́ jáde. Nígbà tiwa, àlàfo ló ń lé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí F.

Ọdún mẹ́rin ni. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún Bàbá nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó lè là á lẹ́nu. Láti ọdún mẹ́rin ni F tó wà lókè C àárín, lórí pátákó ìsàlẹ̀, ti dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú gbogbo ìjọ àfi èmi. Orin tó bá wà ní F, mo máa ń gbé e lọ sí G. Èyí tí mi ò bá lè gbé, mo máa ń yá F lò láti orí pátákó òkè, kíá, kí etí tó mọ̀. Nígbà tí fèrè ahọ́n idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há, mi ò fà á jáde mọ́. Nígbà tí ẹwìrì kò lè gbé gbogbo ohùn pọ̀ mọ́, tí orin fi ń wárìrì bí ẹni tí ìba mú, mi ò ṣí gbogbo rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń yìn mí. Wọ́n ní mo ti ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ báyìí, pé àgbà ti dé. Ọ̀pá ohùn 21 ni dùùrù wa ní. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí Bàbá lọ, mẹ́sàn-án péré ni mo ti ń lò láti ọdún tó kọjá.

Mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ tó dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láàárín ọdún mẹ́rin náà kò gbọ́ dùùrù wa rí. Èyí tí mo gé kù sílẹ̀ fún wọn ni wọ́n gbọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó láti wọ̀n ọ́n, ohun kékeré tí èmi fọwọ́ ara mi sọ ọ́ dà ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n. Mo ti ń bínú sí alàgbà yẹn nínú ọkàn mi nítorí ó sọ pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ti ń tẹ́ aṣọ bò ó láti ọjọ́ yìí.

Mo mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá gbọ́ àìsàn rẹ̀, wọ́n á gbé e jù sí ìta. Ojú sì tún ń tì mí díẹ̀, bíi pé tèmi ni àbùkù náà. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó. Nígbà tí Bàbá gbọ́, kò bá mi wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ní, "Ìgbà yẹn, sísán yìí ò tó báyìí o." Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó dùn mí ju ìbáwí lọ.

Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Mo to gbogbo ohun tó ń ṣe é sínú ìwé náà, àti ọdún tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀, títí kan èyí tí mo fi pa mọ́. Bàbá náà kọ tirẹ̀: ó ní wọ́n lè pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí ẹwìrì, kí àpótí afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e, kí fèrè kẹ́yìn. Ìpàdé òpin ọdún ni wọ́n máa pinnu. Mi ò mọ ibi tó máa já sí. Àwọn kan ṣì ń mú ìwé àlàyé dùùrù oníná kiri, ìwé tó dán, tó ní àwòrán mèremère.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, orin tí a fi wọlé wà ní F. Mo ṣí ìwé orin, mo sì fi í sílẹ̀ síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo fa ọ̀pá ohùn mọ́kànlélógún jáde, pẹ̀lú ahọ́n idẹ tó há, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó pariwo, ó wárìrì, ó sì ń já sí kòtò níbikíbi tí orin bá ti dé F. Olórí ẹgbẹ́ akọrin bojú wò mí. Mi ò yá ohùn láti òkè. Mo tẹ ẹsẹ kejì bẹ́ẹ̀, mo tẹ ẹsẹ kẹta bẹ́ẹ̀, títí a fi ṣe àmín.

Lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Alàgbà náà ni. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Èwo ni kì í dún níbẹ̀?"

Mo fi hàn án. Ó tẹ E, ó dún. Ó tẹ G, ó dún. Ó wá gbé ìka lé F, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni tó ń wo ọgbẹ́. Láti òkè nínú òkùnkùn ni a ti gbọ́ hùùù náà. Ó gbé orí sókè, ó ń wo àwọn fèrè, kò sì tíì gbé ìka rẹ̀ kúrò.

"Ó ń mí," ó ní.